Ṣé ó yẹ kí ejẹ́ńtì inṣọ́ránsì gbé ẹ̀rọ ìṣírò owó sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ejẹ́ńtì inṣọ́ránsì ni mí ní Adó-Èkìtì, ọ́fíìsì mi wà lágbègbè Àjìlọ́sùn. Ọmọkùnrin kan ń bá mi ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì lọ́wọ́. Ó ní tí mo bá lè fi nǹkan kún owó iṣẹ́ òun, òun á fi ẹ̀rọ kan sí i tí oníbàárà á fi máa tẹ irú mọ́tò rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti iye rẹ̀ sí i, tí á sì rí owó inṣọ́ránsì tó máa san lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ó pè mí. Ọkọ mi ní kí n ṣe é, pé ayé ti dayé ayélujára. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní tí mo bá ṣe é, ọwọ́ ara mi ni mo fi lé oníbàárà lọ, torí pé ẹni tó bá ti rí iye kò ní pè mí mọ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, arábìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ń kan ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì báyìí. Látìgbà tí àwọn ọlọ́pàá ti kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 làwọn yóò máa dá mọ́tò tí kò bá ní third party (inṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹni tí mọ́tò ẹni bá kọlù) dúró káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye rẹ̀ lórí fóònù, àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà sì ti rí i pé ejẹ́ńtì inṣọ́ránsì ti di ẹni tí wọ́n lè tajà fún. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀gá yín kò tọ̀nà tó bá ní kí ẹ fi iye pamọ́. Ọkọ yín náà kò tọ̀nà tó bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ. Ẹ kọ iye ọjà tó bá ti ní iye kan pàtó síta gbangba, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti àbẹ̀wò. Owó rẹ̀ kéré sí ti ohun tí ọmọkùnrin yẹn ń tà, ó sì máa ṣe yín láǹfààní jù ú lọ.

Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín, ẹ̀rù méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù kìíní ni pé ẹni tó bá ti mọ iye ti rí ohun tó ń wá, kò sí ohun tó tún fẹ́ bá yín sọ. Ẹ̀rù kejì ni pé tí ẹ kò bá ṣe é, ẹlòmíràn á ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tí kì í gbé fóònù sílẹ̀ á sì gba ọ̀dọ̀ ẹni náà lọ. Ní ti ẹ̀rù kejì, ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi Leadway, AXA Mansard àti AIICO ti ń ta inṣọ́ránsì mọ́tò lórí ìkànnì tiwọn. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò lè rà á ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí ó sì gba ìwé rẹ̀ lórí fóònù, láìrí ojú ejẹ́ńtì kankan. Nítorí náà, iye tí ọ̀gá yín ní kí ẹ fi pamọ́ kò sí ní ìpamọ́ mọ́. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín tí ẹ ní kí ó kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì á kàn yí fóònù rẹ̀ sí ibòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká wo third party fúnra rẹ̀, torí òun ni èèyàn púpọ̀ ń wá. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ tó ń bójú tó inṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ti gbé e kúrò ní 5,000 náírà sí 15,000 náírà fún mọ́tò àdáni, tó sì gbé ohun tí ilé iṣẹ́ máa san fún dúkìá ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bà jẹ́ dé mílíọ̀nù 3 náírà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ 5,000 náírà, ọ̀kadà jẹ́ 3,000, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ṣiṣẹ́ owó jẹ́ 100,000. Iye kan náà ni lọ́dọ̀ gbogbo ilé iṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín ṣírò níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ohun tó ń bò àti ohun tí kò bò sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tí kò bò náà gàdàgbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣì gbà pé third party máa tún mọ́tò àwọn fúnra wọn ṣe tí wọ́n bá lọ kọlu nǹkan. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n kọlù àti dúkìá rẹ̀ ló wà fún. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń mọ̀, ejẹ́ńtì ni wọ́n sì máa ń pè ní olè, wọn kì í pe ilé iṣẹ́.

Àṣìyé kan wà tí mo fẹ́ tú kí n tó tẹ̀síwájú. Ọmọkùnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni iye náà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín. Ejẹ́ńtì ń ṣojú ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì. Brọ́kà ló ń ṣojú oníbàárà, tó sì lè gba iye lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin kó fi wọ́n wéra. Iye tó bá jáde lórí ìkànnì yín, orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣojú ló gbé dání. Tí ẹ̀rọ ọmọ yẹn bá ṣírò 180,000 náírà fún ẹnì kan, tí ilé iṣẹ́ sì ní 260,000 ni òun máa gbà, ẹ̀yin lẹ ó dúró láàárín. Ẹni náà ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ pa mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, àgàgà ọ̀rọ̀ owó. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iye èyíkéyìí síta, yálà ẹ̀rọ ló ṣírò rẹ̀ tàbí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kọ ọ́, ẹ gba àṣẹ ilé iṣẹ́ ní kíkọ sílẹ̀. Mi ò rí ìwé àdéhùn yín, mi ò sì lè sọ ohun tó gbà yín láyè láti ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa kà á.

Ibi tí ìmọ̀ràn pé kí gbogbo ejẹ́ńtì ní ẹ̀rọ ìṣírò ti wá náà yẹ ní wíwò. Òkè òkun ló ti wá, pàápàá Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́ gidi. Èèyàn méjì lè gun irú mọ́tò kan náà níbẹ̀, kí owó wọn má sì sún mọ́ra rárá, torí wọ́n ń wo àdúgbò tí ẹni náà ń gbé, ọjọ́ orí rẹ̀, ìjàǹbá tó ti ní sẹ́yìn, àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bó ṣe ń san gbèsè rẹ̀. Kò sí ejẹ́ńtì tó lè fi orí ṣe ìṣírò bẹ́ẹ̀. Níbí, ìlànà NAICOM láti 2023 ni pé owó comprehensive (inṣọ́ránsì tó bo mọ́tò ẹni fúnra rẹ̀ pẹ̀lú) kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Mọ́tò mílíọ̀nù 6 á san ó kéré tán 300,000. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é lórí bébà. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fowó rà yẹn, ìsọdipúpọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń ṣe.

Kódà lọ́hùn-ún tó ti wúlò, kò rọrùn. Google gbé irú ẹ̀rọ yìí sí California ní 2015 fún inṣọ́ránsì mọ́tò, pẹ̀lú gbogbo owó àti ìmọ̀ tó ní, ó sì tì í pa ní oṣù Kẹta ọdún 2016. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkànnì tí wọ́n fi ń wé iye ti wà láti nǹkan bí 2002, àwọn èèyàn sì ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo èèyàn ń wá iye tó kéré jù, ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pọ́ọ́kú fa oníbàárà tuntun, wọ́n á wá máa gbé e sókè lọ́dọọdún fún àwọn tó bá dúró tì wọ́n, títí àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ fi fòfin dè é ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé níbi tí iye bá ti jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo tó wà lójú, iye nìkan ni wọn yóò fi mọ ọjà. Ejẹ́ńtì kékeré ní Àjìlọ́sùn kò lè fi iye na ilé iṣẹ́ tó wà ní Victoria Island. Ohun mìíràn lẹ ní tí wọn kò ní, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ padà sí ìdá 5 yẹn. Ìṣírò rọrùn, àbí? Ibi tó ti le ni iye mọ́tò tí wọ́n ń tẹ̀ sí i. Mọ́tò táwọn èèyàn wa ń gùn, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, iye tí wọ́n rà á lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn kò sì jọ iye tó wà lọ́jà lónìí rárá, torí ohun tí náírà ti fojú rí. Ẹni tó ra Corolla rẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 nígbà náà á tẹ mílíọ̀nù 3. Kò purọ́, iye tó rà á nìyẹn. Ẹ̀rọ á sọ fún un pé 150,000, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó. Tí olè bá gbé mọ́tò náà lọ ní Baṣírí, tí mọ́tò irú rẹ̀ sì ti di mílíọ̀nù 6, ilé iṣẹ́ kò ní san ju mílíọ̀nù 3 tó kọ sílẹ̀ lọ. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó fẹ́ fi mọ́tò ṣe fáàrí á kọ mílíọ̀nù 9 fún mọ́tò mílíọ̀nù 6, á san 450,000, ṣùgbọ́n nígbà kíléèmù, ìyẹn nígbà tó bá wá gba owó àdánù rẹ̀, iye tí mọ́tò náà tó lọ́jà ni wọn yóò san. Inṣọ́ránsì kì í sọ èèyàn dolówó; ibi tó wà kí àdánù tó dé ló ń dá a padà sí. Ejẹ́ńtì tó bá gbọ́ “mílíọ̀nù 3” lórí fóònù á bèèrè lójú ẹsẹ̀ pé, “Ọdún wo lẹ rà á? Eélòó ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ báyìí?” Ẹ̀rọ kì í bèèrè. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ló ń ṣírò.

Tó bá wá kan ilé àti ṣọ́ọ̀bù, mo lè sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́: ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan dá iye rẹ̀ lórí ìkànnì yín. Gbogbo wa la mọ bí ìbẹ̀rẹ̀ òjò ṣe máa ń rí ní Èkìtì. Ìjì á ṣáájú òjò dé, òrùlé á máa ṣí, ti ilé gbígbé, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ẹ̀kọ́. Inṣọ́ránsì iná lásán kò bo ìjì. Ohun tó bò ni iná, àrá, àti irú ìbúgbàù kan. Ìjì, omíyalé àti rògbòdìyàn jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kún un, tí wọ́n sì ń san owó lé lórí. Ẹ̀rọ tó fẹ́ kí iye rẹ̀ kéré kí oníbàárà má baà sá lọ kò ní fi ìjì kún un, àfi tí oníbàárà bá mọ̀ ọ́n, tó sì yàn án. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ìyá tó ní ilé kan ní Ìlawẹ̀ tó ń fi yàrá háyà á gbà pé nígbà tí òun ti ní inṣọ́ránsì ilé, òrùlé wà nínú rẹ̀. Èmi ti jókòó ti irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, mo mọ bí ó ṣe máa ń rí láti ṣàlàyé fún wọn pé ìwé tí wọ́n dì mú kò sọ nǹkan kan nípa atẹ́gùn. Wọn kì í bínú. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́, wọn kì í sì rà á mọ́ láé, àwọn ọmọ wọn náà kì í rà á.

Àbẹ̀wò náà tún ní ohun tí kò ṣeé tẹ̀ sínú fóònù. Nínú ọjà wa, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tọ́jú bẹntiróòlù sínú jẹ́ríkáànù fún jẹnẹrétọ̀. Ó lè jẹ́ pákó ni wọ́n fi pín àárín ṣọ́ọ̀bù méjì. Wáyà iná lè jẹ́ èyí tí wọ́n so láti ara wáyà ẹlòmíràn. Tí ilé iṣẹ́ bá rí gbogbo èyí lẹ́yìn iná, wọn yóò béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún àwọn, ẹni tó tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ á sì sọ pé kò sẹ́ni tó bi òun. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ wò ó.

Ohun kan ṣì kù lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń fa ìjà jù nígbà kíléèmù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọjà aláṣọ kan tó mílíọ̀nù 10, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí owó tó máa san kéré, ó wá tẹ mílíọ̀nù 4. Iná jó ọjà mílíọ̀nù 2 nínú rẹ̀. Á rò pé mílíọ̀nù 2 kò tíì tó mílíọ̀nù 4, nítorí náà wọn yóò san gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní san án. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá ọjà rẹ̀ ló sanwó lé lórí, mẹ́rin nínú mẹ́wàá àdánù rẹ̀ ni wọn yóò san: 800,000 náírà. Average ni wọ́n ń pè é nínú ìwé pọ́líìsì, ìyẹn ìwé àdéhùn inṣọ́ránsì, ó sì wà nínú púpọ̀ nínú àwọn pọ́líìsì dúkìá. Lójú ẹ̀rọ, oníbàárà lè máa dín iye ọjà rẹ̀ kù, kí ó máa wo bí owó ṣe ń wálẹ̀, títí á fi rí iye tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dà bí ẹni tó ń gé oògùn sí wẹ́wẹ́ kí owó rẹ̀ lè kéré, láìsí ẹni tó máa sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ kò ní gbọ́ èyí tó kù. Ẹ̀yin ni ẹni tó yẹ kó sọ ọ́, ẹ kò sì ní sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ dá ọ̀gá yín láre díẹ̀ báyìí, torí kò sọ̀rọ̀ látinú àìmọ̀. Lóòótọ́ ni pé tí ẹ bá kọ iye síta, ìpè orí fóònù á dín kù. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ni pé èyí tó ń dín kù ni ti àwọn tó ń bèèrè “eélòó ni?” tí wọn á sì sọ pé àwọn ń bọ̀, tí a ò sì ní rí wọn mọ́. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn náà máa ń jẹ́ ẹni tó ti gba iye náà gbọ́, ìbéèrè mìíràn ló ń bá bọ̀. Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ní Èkìtì kì í ṣe eélòó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, “Ṣé wọ́n á san?” Gbogbo ìdílé ló ní ẹ̀gbọ́n kan tó sanwó fún ọdún mélòó kan, tí ìjàǹbá dé, tí wọ́n ní kó lọ mú ìwé yìí wá, kó lọ mú ìwé yẹn wá, títí ó fi sú u. Kò sí ẹ̀rọ ìṣírò tó lè dáhùn ìyẹn. Ẹ̀yin lè dáhùn rẹ̀. Àlàyé lẹ́sẹẹsẹ nípa kíléèmù ni kí ẹ gbé síbi tí ọmọkùnrin yẹn fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí: ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, àwòrán wo ni kí wọ́n yà níbi ìjàǹbá, ìgbà wo ni ìwé ọlọ́pàá pọn dandan, kí nìdí tí wọn kò fi gbọdọ̀ tún mọ́tò ṣe kí ilé iṣẹ́ tó wò ó, owó wo ni oníbàárà máa gbé fúnra rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó gbé ìyókù. Kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara. Mi ò rí ejẹ́ńtì púpọ̀ tó ṣe é.

Ẹ tún fi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ ojúlówó ìwé síbẹ̀. Ìwé inṣọ́ránsì ayédèrú pọ̀ lójú títì, pàápàá èyí tí àwọn tó ń bá èèyàn ṣe páátíkúlà máa ń gbé fúnni pẹ̀lú ìwé mọ́tò tó kù. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní ibi ìpamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sórí askniid.org kó sì rí i bóyá inṣọ́ránsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi èyí hàn oníbàárà, tó sì rí nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó sanwó fún yín, ó ti rí ìdí tó fi yẹ kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti comprehensive, ilé àti ṣọ́ọ̀bù, fọ́ọ̀mù kékeré kan ti tó. Kó máa bèèrè orúkọ, nọ́ńbà fóònù, irú ohun tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò, ìlú tó wà, àti iye tí wọ́n rò pé ó tó lónìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, kó ṣí WhatsApp yín tààrà pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ. Ẹ má bèèrè NIN, ẹ má bèèrè BVN, ẹ má bèèrè àwòrán ìwé mọ́tò ní ìpele yìí. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye á sá, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ọdún 2023 náà sì kan ẹ̀yin tí ẹ ń gba nọ́ńbà àwọn èèyàn sílẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn méjì sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù pé ìdí báyìí lẹ fi ń gbà á, ẹ kò sì ní fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé iye tí wọ́n bá gbọ́ kò tíì di ààbò. Láti oṣù Kìíní ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú un pé láìsan owó, kò sí inṣọ́ránsì. Mo mọ awakọ̀ kan tó dì mọ́ àwòrán iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, tó rò pé òun ti wà lábẹ́ ààbò nítorí nọ́ńbà kan wà lórí rẹ̀. Kò tíì san kọ́bọ̀.

Ojú ewé náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì kò rí bákan náà ní Òkèṣà àti ní abúlé tó wà lẹ́yìn Ọmùò, àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín sì ń ka iye détà wọn. Àwòrán ńlá tí ọmọkùnrin yẹn fẹ́ fi sí iwájú, ti ìdílé òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ẹ ní kó yọ ọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ ni ẹni tó máa dáhùn. Fọ́ọ̀mù tí wọn kò dáhùn títí di ọ̀la burú ju kí fọ́ọ̀mù má sí lọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa ń wà lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ ní ọjọ́ púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ẹ wá ọmọ kan tó máa di fóònù náà mú, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ìbéèrè márùn-ún tó yẹ kó máa bèèrè.

Ìgbà kan wà tí ẹ̀rọ máa bọ́ sí i, mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kórìíra rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún ejẹ́ńtì ní ìlà ìkànnì (link) tiwọn, tí kóòdù ejẹ́ńtì wà lára rẹ̀. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́ lórí ìkànnì yín, ìkànnì ilé iṣẹ́ á ṣí, á ra third party níbẹ̀, á sanwó fún ilé iṣẹ́ tààrà, wọ́n á sì kọ kọmíṣọ̀n rẹ̀ sí orúkọ yín. Èyí dára fún third party: iye kò lè tàsé, owó oníbàárà kò gba ọwọ́ yín kọjá, ìwé náà sì ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ wá. Tí ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ṣojú bá ní in, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fi síta, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ímeèlì: tí ọdún bá yí po, tí ilé iṣẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà náà pé kó tún un san, ta ló ni kọmíṣọ̀n? Ejẹ́ńtì kan tí mo mọ̀ fi ìlà bẹ́ẹ̀ kó ọ̀pọ̀ awakọ̀ jọ, ó polówó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, ọdún kejì dé, ilé iṣẹ́ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn fúnra rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan gbà. Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún un, nítorí náà kò rí ẹni bá jà.

Ìmọ̀ràn yìí wà fún ejẹ́ńtì tó wà ní ipò yín: ẹnì kan tàbí méjì nínú ọ́fíìsì, oníbàárà tó pọ̀ jù lọ wà láàárín Adó àti àwọn ìlú tó yí i ká, third party ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rà. Tó bá jẹ́ brọ́kà lẹ jẹ́, tí ẹ ń gba iye lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́wàá fún ilé ìfowópamọ́ àti yunifásítì, ẹ̀rọ tó ń wé iye á gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ mi á sì yàtọ̀. Bákan náà, òfin inṣọ́ránsì tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2025 ti rọ́pò ti 2003, NAICOM á sì máa gbé ìlànà jáde lábẹ́ rẹ̀. Iye èyíkéyìí tí ẹ bá kọ sórí ìkànnì yín, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ẹ san owó wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún ọmọkùnrin yẹn bí ẹ ṣe jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ dá ti ẹ̀rọ dúró. Ẹ ní kó kọ iye third party sí iwájú, kó fi fọ́ọ̀mù WhatsApp sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó ṣí ojú ewé kan fún kíléèmù. Tó bá ní fọ́ọ̀mù yẹn náà fẹ́ owó lọ́tọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn; kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé fún oṣù mẹ́ta: ẹni tó kọ̀wé, ohun tó fẹ́, bóyá ó sanwó, ìdí tí kò fi san tí kò bá san. Tó bá hàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé àwọn tó fẹ́ comprehensive ń sá nítorí pé wọn kò rí iye lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan kún un pé fún mọ́tò àdáni, owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò lọ́jà lónìí, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ mọ́tò mílíọ̀nù 6 tì í.